Ṣé A Lè Yan Ẹja Nínú Fírígò Tó Ti Kú?

 

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ní Ko-Koumolou, ìyá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dúró dè mí. Ẹja ni ìyá náà ń yan tà. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ajórinmọ́rin kan sọ pé òun lè sọ fírígò mi tó ti kú di ohun tí mo lè fi yan ẹja àti ẹran. Ó ní kúrán ni yóò máa mú un gbóná. Ó ní n kò ní máa ra ìdì igi mọ́, èéfín kò sì ní máa wọ̀ mí lójú mọ́. Ṣé kí n fún un lówó?»

N kò lè dá ìyá náà lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, ó pọ́n nítorí èéfín ọdún púpọ̀. Mo sì mọ̀ pé owó tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Mo ní kó fún mi láyè kí n wádìí. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín. Ìtàn ni. Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá, kí a tó mọ̀ bóyá ó bá wa mu.

Ìdí tí a fi ń yan ẹja àti ẹran

Kí fírígò tó dé, àwọn baba ńlá wa ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ẹran àti ẹja. Ilẹ̀ wa gbóná. Ẹja tútù tí a pa ní òwúrọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú wa kò lè rí ló ń bà á jẹ́. Ibi tó tutù bí omi tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fẹ́ràn.

Bí a bá yan ẹja, ohun mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, ooru pa púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà. Èkejì, omi inú ẹja gbẹ. Ẹ̀kẹta, èéfín fi nǹkan sára ẹja tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Èéfín yìí kan náà ló ń fún un ní àwọ̀ pupa àti òórùn dídùn tí a fẹ́ràn nínú ọbẹ̀.

Nílé àwọn àgbà, òkè ààrò ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á fi igi ṣe pẹpẹ sókè ibi tí wọ́n ti ń dáná. Ọdẹ tó bá pa ẹran ìgbẹ́ á gé e, á tò ó sórí pẹpẹ náà. Èéfín oúnjẹ á máa gòkè lọ bá a. Wọn kì í dá iná mìíràn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran díẹ̀ ni pẹpẹ náà lè gbà. Ó tó fún ilé kan, kò tó fún ọjà.

Àgbá epo di ààrò

Nígbà tí ẹja yíyan di òwò ńlá, àwọn obìnrin wá ohun tó tóbi ju pẹpẹ lọ. Àwọn kan fi amọ̀ mọ ààrò rìbìtì. Lẹ́yìn náà ni àgbá irin dé, èyí tí wọ́n fi ń kó epo wá láti òkèèrè. Àgbá bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bí 200 lítà. Bí epo inú rẹ̀ bá tán, wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò. Wọ́n á gé ẹnu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún igi. Wọ́n á tẹ́ àwọ̀n irin sókè. Bẹ́ẹ̀ ni àgbá epo ṣe di ààrò ẹja. Títí di òní, a ń rí i ní etí òkun Kútọnu, ní àgbègbè odò Wẹ̀mẹ̀, àti ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ajórinmọ́rin yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ohun àtijọ́ di ohun tuntun. Àgbá gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé irin lásán ni. Iná lè jó o títí, kì í yọ́.

Ṣùgbọ́n àgbá ní àléébù tirẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lò ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Iná ń kan ẹja tààrà, ó ń jó apá kan, apá kejì kò jinná. Ìpele ẹja kan tàbí méjì péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ yí ẹja gbígbóná padà. Igi ń tán kíákíá. Èéfín ń wọ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá sì pẹ́, ìpẹtà á jẹ àgbá náà.

Ààrò àwọn obìnrin Chorkor

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, ní etí ìlú Accra, ibùdó àwọn apẹja kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chorkor. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ bá àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ náà wá láti ilé ìwádìí oúnjẹ ti Gánà àti láti FAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n wo ààrò tí àwọn obìnrin náà ń lò, wọ́n sì jọ tún un ṣe. Ààrò tuntun náà ni wọ́n ń pè ní ààrò Chorkor.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí. Amọ̀ tàbí bíríkì ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Kì í ṣe rìbìtì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀. Ògiri kan pín inú rẹ̀ sí méjì, ẹnu méjì sì wà níwájú tí a ń ti igi bọ̀. Orí rẹ̀ tẹ́jú dáadáa kí pákó lè jókòó lé e láìsí àlàfo.

Orí àtẹ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Káfíńtà á fi pákó ṣe férémù, wọ́n á kan àwọ̀n irin sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á to ẹja sínú àtẹ, wọ́n á sì to àtẹ lé ara wọn. Ààrò kan lè gbé tó àtẹ 15. Ẹ ò rí i pé àwọn àtẹ náà fúnra wọn di ilé tí ooru àti èéfín ń gbà gòkè. Ooru tí ìbá fò lọ lásán ń kan ẹja tó wà lókè. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jinná, ẹni méjì á gbé àtẹ náà sókè, wọ́n á mú ti òkè wá sísàlẹ̀. Kò sí pé à ń fi ọwọ́ yí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tí wọ́n ń lò dín kù, ẹja tí wọ́n ń yan sì pọ̀ sí i. Láti Gánà ni ààrò yìí ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan Bẹ̀nẹ̀ wa.

Ibi tí fírígò ti wá

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí fírígò. Ní ọdún 1834, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní ìlú London, Jacob Perkins, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tó ń sọ omi di yìnyín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọgbọ́n rẹ̀, ẹ da sódabì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ yín á tutù. Bí sódabì náà ṣe ń gbẹ, ó ń gbé ooru ọwọ́ yín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fírígò ń ṣe. Oje kan ń di afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pá tóóró, ó ń gbé ooru inú àpótí jáde. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn á tẹ̀ ẹ́, á padà di omi, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ kí fírígò tó wọ ilé ènìyàn. Ní ọdún 1927, ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gbé fírígò ilé kan jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà. Irin ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ Frigidaire. Àwọn Faransé ń pe irú ẹ̀rọ yìí ní «frigo», àwa náà sì ń pè é ní fírígò.

Ẹ fi ọkàn sí ibi tí mo dé yìí. Inú ọ̀pọ̀ fírígò ayé ìgbà náà jẹ́ irin tí wọ́n fi nǹkan funfun bò, bí abọ́ tánganran. Ohun tí wọ́n fi dí àárín ògiri rẹ̀ jẹ́ èèpo igi kan tó fúyẹ́, tàbí òwú tí wọ́n fi gíláàsì ṣe. Nígbà tí irú fírígò bẹ́ẹ̀ bá kú, àwọn ará Amẹ́ríkà kan a máa sọ ọ́ di àpótí èéfín. Wọ́n á gbé irin tí kúrán ń mú gbóná sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á gbé páànù èérún igi lé e. Wọ́n á lu ihò sókè kí èéfín lè jáde. Wọ́n á so ẹran sáàárín, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà ń dé pinpin, ògiri nípọn, ooru kì í jáde. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n tí ajórinmọ́rin yẹn ń sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Fírígò tiwa kì í ṣe fírígò yẹn

Láti nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970, àwọn tó ń ṣe fírígò yí ọwọ́ padà. Wọ́n fi rọ́bà ṣe inú rẹ̀ dípò irin. Wọ́n fi fóòmù, irú èyí tó jọ ti tìmùtìmù ṣùgbọ́n tó le, dí àárín ògiri. Fírígò fúyẹ́ sí i, owó rẹ̀ sì dín kù. Irú èyí ni ọkọ̀ ojú omi kó wá bá wa. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlòkù láti Yúróòpù. Ní Gánà, ìjọba fi òfin de àlòkù fírígò láti ọdún 1913? Rárá o: ọdún 2013 ni. Ẹ máa ka nọ́ńbà dáadáa, nọ́ńbà kan péré lè yí ìtàn padà. Ìdí òfin náà ni pé àlòkù ń jẹ kúrán púpọ̀, gáàsì inú rẹ̀ sì ń ba ojú sánmà jẹ́.

Nítorí náà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ irin. Tiwa jẹ́ rọ́bà àti fóòmù. Ẹni tó bá fi iná sínú tiwa ti fi iná sínú rọ́bà. Ẹ wo àwọn ewu tó wà níbẹ̀.

Èkíní ni ooru. Kí ẹja tàbí ẹran tó jinná dé inú, ooru inú ẹran náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 70°C. Àpótí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà inú fírígò sì ń rọ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100°C, ìyẹn ooru omi tó ń hó. Bí ẹ bá dín ooru kù kí rọ́bà má bàa yọ́, ẹran á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò á sì máa bí sí i nínú rẹ̀. Ẹran á pupa lójú, á sì léwu ní inú.

Èkejì ni fóòmù. Bí ó bá gbiná, èéfín rẹ̀ ní májèlé tó lè pa ènìyàn kíákíá nínú ilé.

Ẹ̀kẹta ni gáàsì. Ẹ̀yin tó ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ lọ sẹ́yìn fírígò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí R12, gáàsì àtijọ́ ni, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè pinnu ní ìlú Montreal ní ọdún 1987 láti dín kù, kí wọ́n tó wá fòpin sí i. Bí iná bá kàn án, ó lè di májèlé. Bí ẹ bá rí R600a, ó jọ gáàsì tí a fi ń dáná: ó ń gbiná. Ní Jámánì, ní ọdún 1993, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ta fírígò tó ń lo irú gáàsì tó ń gbiná bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀pá fírígò kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó fa gáàsì rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀n irin inú fírígò. Wọ́n a máa fi irin kan tí à ń pè ní kádímíọ̀mù bo ti àwọn fírígò àtijọ́ kan. Kádímíọ̀mù jẹ́ májèlé. Bí ẹ bá yan ẹran lórí rẹ̀, ó lè wọ inú ẹran náà. Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀n fírígò yan nǹkan rárá, ì báà jẹ́ lórí èédú.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ọmọ wa. Ìlẹ̀kùn fírígò àtijọ́ ní ìkọ́, kò ṣeé ṣí láti inú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tó ń ṣeré wọ inú fírígò tí wọ́n jù nù, wọ́n sì kú síbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òfin ní ọdún 1956 pé ilẹ̀kùn fírígò gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Bí fírígò bá kú nílé yín, ẹ kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kúrán náà ní iye rẹ̀

Ajórinmọ́rin ní kò ní sí owó igi mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kúrán kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Ní ọdún 1968, Tógò àti Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, dá ilé-iṣẹ́ CEB sílẹ̀ láti jọ máa wá kúrán. Wọ́n rà á láti ibi ìsédò Akosombo ní Gánà. Ní ọdún 2007, wọ́n fa okùn ńlá láti Ìkẹjà ní ìpínlẹ̀ Èkó wá sí Ṣakẹ́tẹ́, tí kò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Irin oníkúrán tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1000 wáàtì ń jẹ kilówáàtì 1 ní wákàtí 1. Bí ẹ bá fi yan ẹja fún wákàtí 6, ó jẹ́ 6. Ẹ mú ìwé owó kúrán yín, ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà fún kilówáàtì kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ owó igi ọjọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè mọ èyí tó dín owó. Ẹ sì rántí pé bí kúrán bá lọ nígbà tí ẹja kò tíì jinná, ẹ gbọ́dọ̀ wá iná mìíràn kíákíá.

Èéfín tó dára àti èéfín tó burú

Ohun kan tún wà tí ìyá náà sọ tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé: èéfín ń ṣe é ní ibi. Kì í ṣe ojú nìkan. Èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tí ọ̀rá ẹja bá kán sínú iná, tàbí tí iná bá ń jó fòfò lábẹ́ ẹja, èéfín náà ń gbé nǹkan kan lé ẹja tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ bí ó bá pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní benzo(a)pyrene. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin dí iye tó lè wà nínú ẹja yíyan, ẹja tó bá sì kọjá rẹ̀ kò lè wọ ọjà wọn.

Nítorí èyí ni FAO àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹja kan ní Thiaroye, ní ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, fi gbé ààrò mìíràn jáde ní nǹkan bí ọdún 2008. Ẹ̀yinná èédú ló kọ́kọ́ ń mú ẹja jinná, kì í ṣe ahọ́n iná. Páànù kan wà lábẹ́ ẹja tó ń gba ọ̀rá, kí ó má bàa kán sínú iná. Lẹ́yìn tí ẹja bá ti jinná ni wọ́n á wá fi èéfín díẹ̀ sí i, èéfín tí wọ́n ti sẹ́, kí ó lè ní àwọ̀ àti òórùn.

Ẹ kò nílò owó ńlá kí ẹ tó kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi jó di ẹ̀yinná kí ẹ tó gbé ẹja lé e. Ẹ má fi rọ́bà tàbí bébà ṣáná. Ẹ má fi pákó tí wọ́n kùn yan ẹja. Ẹ ṣe ààrò síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹ sì dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Ohun tí ìyá náà ṣe

Mo padà lọ bá ìyá náà, mo ka gbogbo èyí fún un. Kò sọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó mú òòfà tó yọ lára rédíò àtijọ́. Ó gbé e lé ẹ̀yìn fírígò náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e sí inú, ó já bọ́. Ó fi èékánná kan ògiri inú náà, ó dún bí ike. Ó ní: «Olùkọ́, rọ́bà ni. Mo ti gbọ́.»

Kò ju fírígò náà nù. Ògiri tí kò jẹ́ kí ooru wọlé ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń tún fírígò ṣe fa gáàsì rẹ̀, kó yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kó yìnyín sí i, ó sì ń fi ẹja tútù pamọ́ sínú rẹ̀ kó tó di àkókò yíyan. Ó ń fi ilẹ̀kùn náà bò ó. Tútù ni wọ́n dá a fún, tútù náà ló padà sí.

Owó tí ìbá fún ajórinmọ́rin, òun àti àwọn obìnrin méjì dà á pọ̀. Wọ́n fi amọ̀ ilẹ̀ wa mọ ààrò bíi ti Chorkor. Káfíńtà ṣe àtẹ mẹ́fà fún wọn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà ra ìwé kékeré kan. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń kọ iye ìdì igi tí wọ́n lò àti iye ẹja tí wọ́n yan síbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sọ pé kí a kọ ohun tuntun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú ọgbọ́n láti òkèèrè wá, ẹ bi í pé: kí ni wọ́n lò níbẹ̀, kí sì ni èyí tó wà lọ́wọ́ wa? Ẹ ṣí i, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè

1. Kí ni ohun mẹ́ta tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja bí a bá yan án?
2. Kí ni àwọn àtẹ ààrò Chorkor ń ṣe fún ooru?
3. Kí ló yàtọ̀ láàárín inú fírígò àtijọ́ àti inú fírígò tiwa?
4. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn fírígò kan. Irú gáàsì wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.
5. Ẹ ṣe ìṣirò owó igi tí ẹ ń lò lọ́sẹ̀ kan.